Ègbè Màmá Olómi

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ èyí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé ìtàn pọ̀ nílẹ̀, àmọ́ èyí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ! Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ni, tó kọ ìwé orin ọmọdé, tí ìwé náà jáde, tí gbogbo ayé ń kí i kú oríire, tí òun fúnra ẹ̀ sì ń wá ibi tó máa fi ojú sí.

Olùkọ́ méjì ló wà ní kíláàsì àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún. Èyí tó dàgbà, tó jẹ́ pé ó kàn máa wo èèyàn ni ariwo á ti dákẹ́, làwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Àgbà. Èkejì, tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, tí eruku ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò nírun ẹ̀, ni Àǹtí Kékeré. Òun là ń sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ò ju kó nu imú ọmọ, kó de okùn bàtà, kó sì la àwọn tó ń jà. Àmọ́ orí obìnrin yìí kún fún orin! Kò kọ́ ọ níbì kankan. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í de okùn bàtà, ẹnu ẹ̀ á ti máa lọ; kó tó de ti ẹsẹ̀ kejì, orin ti délẹ̀.

Bàtà gan-an ló bí èyí àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká, tí wọ́n ń pè ní Akáyín, wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì, ó wá ń sunkún pé bàtà òun ń jà lẹ́sẹ̀ òun. Àǹtí Kékeré kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ní:

*Bàtà mi méjì, wọ́n bára wọn jà,*
*Ọ̀kan sá sábẹ́ àga,*
*Ọ̀kan sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.*

Akáyín dákẹ́. Àwọn yòókù sún mọ́ wọn. Àǹtí tún un sọ, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀ bí ẹyẹ tí ìyá ẹ̀ ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn kan bú jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn àgbàlagbà tó ń ha bí ìgbà téèyàn ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì:

*Ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi! Ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi!*

Háà! Ẹ̀rín tó pa àwọn ọmọ yẹn, àwọn kan ṣubú lulẹ̀. Akáyín tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ gbà á lẹ́nu: "Ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi!" Ó ń gbá ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ ọ̀daràn níyà. Àǹtí Kékeré yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá Olómi ni.

Màmá Olómi ló ń nu ilẹ̀ ilé-ìwé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Garawa onírin kan ló ń gbé kiri, àwọn ọmọ á sì ti máa gbọ́ bó ṣe ń ró kó tó yọ. "Màmá Olómi ń bọ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀!" Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bó bá bá omi nílẹ̀, á ní, "Ta ló dà á? Àbí ẹja lẹ̀ ń sìn níbí?" Bó bá rí ọmọ tó ń sáré, á ní, "Rọra o, ilẹ̀ yìí ò tíì jẹun láàárọ̀, kó má lọ gbé ẹ mì."

Bí òwò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹtí Kékeré ń lé orin nínú kíláàsì, Màmá Olómi ń gbè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tòun ti àkísà ìnulẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò pàdé rí láti gbìmọ̀ lé e lórí. Àǹtí á ní:

*Òjò ń kan ilẹ̀kùn, ó ń kan ilẹ̀kùn,*
*Ta ló ránṣẹ́ pè é?*

Ohùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ní, *Aṣọ tá a sá ni! Aṣọ tá a sá ni!*

Àǹtí á ní:

*Ṣíbí wọlé ẹnu,*
*Kò jókòó, kò sùn, ó ti jáde.*

Ohùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ní, *Ó gbàgbé ẹrù ẹ̀! Ó gbàgbé ẹrù ẹ̀!*

Ẹ wò ó, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Lílé dára, mi ò sọ pé kò dára. Àmọ́ níbo lẹ̀rín wà? Nínú ègbè ni! Àwọn ọmọ ò fi etí tó dáa gbọ́ lílé mọ́ nígbà tó yá. Wọ́n á kàn máa fojú wá ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Kékeré náà mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kódà nígbà tí kò tíì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, orin pé méjìlá. Lọ́jọ́ kan, rédíò sọ pé ilé ìtẹ̀wé kan ń wá àwọn tó mọ ìwé ọmọdé kọ, àgàgà àwọn tí kò tíì tẹ nǹkan kan rí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ni Àǹtí Kékeré ń gbé. Bó ṣe gbọ́ ọ, ó fò sókè, ó gbá gbogbo òwú tó wà lórí tábìlì dànù.

"Kí ló dé? Iná ń jó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń wá mi!"

"Ọlọ́pàá?"

"Ilé ìtẹ̀wé!"

"Wọ́n ń wá òǹkọ̀wé, ìwọ ní wọ́n ń wá ẹ." Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń ṣa òwú. "Ìwọ tó o ń bá ṣíbí sọ̀rọ̀. Kọ ọ́ ránṣẹ́ jàre, ẹni tí ò ta kì í jẹ ayò."

Ó kọ mẹ́ta ránṣẹ́, tòun ti ègbè wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà dé. Olóòtú ilé ìtẹ̀wé náà ní òun rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé òun sáré wọlé wá wò ó bóyá ara òun ò yá. Ó ní kó kó gbogbo orin náà wá, àwọn máa fi ṣe ìwé. Ìwé! Orúkọ lára ìwé! Àǹtí Kékeré ka lẹ́tà yẹn títí tí ìwé fi rọ̀ bí aṣọ.

Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú lẹ́tà náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, kí òǹkọ̀wé buwọ́ lù ú pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, òun ló ni ín. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ni ín, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, orúkọ àwọn méjèèjì yóò sì wà lẹ́yìn ìwé. Àyè ìbuwọ́lù méjì ló wà nísàlẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìbejì.

Àǹtí Kékeré wo àyè kejì yẹn. Ó wò ó pẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ tó dé, ó bá Màmá Olómi níbi tó kúnlẹ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ kúkúrú kan ha ṣingọ́ọ̀mù kúrò nílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Iṣẹ́ rèé, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ẹ ti fi ṣingọ́ọ̀mù kọ́lé síbí, èmi ni mo wá ń lé onílé."

"Màmá, wọ́n fẹ́ fi orin wa ṣe ìwé."

"Wọ́n fẹ́ fi kí ni?"

"Orin wa. Ti bàtà, ti òjò, ti ṣíbí, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ni tó ni ín buwọ́ lù ú. Mo wá bi yín ni, ṣé kí n fi orúkọ yín sí i?"

Ọ̀bẹ dúró. Màmá Olómi gbójú sókè, ojú ẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí fèrèsé. "Èmi? Orúkọ tèmi? Nínú ìwé?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Àbí ò ń ṣeré ni? Kí ni anulẹ̀ ń wá nínú ìwé? Kí ìwé lè máa rùn bí ọṣẹ? Lọ jàre, lọ ṣe tìẹ."

"Ó dáa, Màmá. Ẹ ṣé o."

Kíá ló dáhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti yá jù! Bí ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí, tó gbá a mú kó tó balẹ̀. Ó dìde, ó wọ kíláàsì lọ, ara ẹ̀ fúyẹ́. Ó ṣe díẹ̀ kó tó gbọ́ tí ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́ rèé: inú ẹ̀ dùn. Nǹkan kan fò sókè nínú àyà ẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Orúkọ ẹnì kan. Tirẹ̀ nìkan. Bó ṣe ń to àga kéékèèké, orúkọ yẹn ló ń rí lára ògiri, lára pátákó, lára gíláàsì fèrèsé.

Ẹ má sì rò pé olè ni o. Kò jí ègbè ẹnikẹ́ni. Ó gbé bírò pupa, ó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀, ó sì fi í pa ègbè méjèèjìlá rẹ́ títí wọn ò fi ṣeé kà mọ́, nítorí pé kò lè buwọ́ lù ú pé òun ló ni ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tòun. Olóòótọ́ èèyàn ni. Àní ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Ká ní ó jí i, ègbè ì bá wà níbẹ̀.

Ó buwọ́ lù ú, ó kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, olóòtú sì pè é lórí fóònù. "Àǹtí, ó mà ti kúrú o. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín dà?"

"Kì í ṣe tèmi, sà."

"Ti ta ni?"

"Ẹnì kan ni. Ó ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé."

"Ó dá ẹ lójú?"

Ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu! Àǹtí Kékeré dúró níwájú ẹ̀, ó ní, "Ó dá mi lójú, sà."

Olóòtú mí kanlẹ̀, ó ní kò burú, ayàwòrán á mọ bó ṣe máa ṣe é. Ayàwòrán ṣe é lóòótọ́. Ó ya bàtà tó ń binú, ó ya òjò tó wọ fìlà, ó sì fi àyè funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, kí ojú ìwé má baà há.

Lọ́jọ́ tí ìwé dé, ọ̀gá ilé-ìwé kó gbogbo ọmọ jọ sínú gbọ̀ngàn. Ìwé náà tín-ín-rín, àwọ̀ ewé ni, orúkọ ẹ̀ ni *Bàtà Mi Méjì*, orúkọ Àǹtí Kékeré sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Òórùn yíǹkì ìtẹ̀wé ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tilẹ̀ ti ilé ìránṣọ wá. Ta ló tún wá? Màmá Olómi. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó wé gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run tí ẹnikẹ́ni ò rí lórí ẹ̀ rí, ó jókòó sórí àga kékeré lẹ́yìn pátápátá, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

Àǹtí Kékeré rí gèlè yẹn.

Wọ́n ní kó kà. Ó ka bàtà: *Ọ̀kan sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.* Ó pa ẹnu dé, nítorí ìwé ti parí síbẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ ò mọ̀ pé ó parí. Igba ọmọ ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi! Ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi!" Gbọ̀ngàn mì tìtì. Màmá Olómi fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí dé ìkejìlá.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pín ìwé fún àwọn ọmọ láti wò. Màmá Olómi nawọ́ gba ọ̀kan lọ́wọ́ Akáyín, ó nu àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lára ìró kó tó gbà á. Àǹtí Kékeré ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló kù.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o ti mọ̀wé kà, bá mi wá 'ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi'. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án."

Akáyín fi ìka tọ orin náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, ó tún padà. "Màmá, kò sí níbẹ̀."

"Wò ó dáadáa."

"Mo wò ó. Ibí yìí funfun ni."

"Ti òjò ńkọ́? Aṣọ tá a sá?"

Ọmọ náà tún ṣí i. "Òun náà funfun."

Màmá Olómi ò béèrè ìkẹta. Ó pa ìwé náà dé, ó fi etí ìró nu ẹ̀yìn ẹ̀, bí ẹni pé eruku wà lára ìwé tuntun. Ó rí Àǹtí Kékeré, ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i.

"Ẹ kú oríire o, Àǹtí," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ."

Ẹ gbọ́ ọ? *Ẹ* kú oríire! Obìnrin tó ti ń pè é ní ọmọ mi láti ọdún méjì, tó ń sọ fún un pé lọ jàre, òun ló wá ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní ilé ìfowópamọ́. Àǹtí Kékeré ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé—"

"Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi."

Ó sì lọ.

Nílé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń lọ aṣọ, ó ń wò ó bó ṣe jókòó bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù.

"Ìgbà mélòó lo bi màmá yẹn?"

"Mo bi í. Ó ní rárá."

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Ẹ̀ẹ̀kan! Bí àlejò bá wọlé, tó o ní kó wá jẹun, tó ní òun ti yó, ṣé o máa ń gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ ni? Àgbàlagbà lo béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ṣé kó ní 'bẹ́ẹ̀ ni, kọ orúkọ mi gàdàgbà' ni? Ìwọ ló yẹ kó rọ̀ ọ́. Ìwọ ni kó kúnlẹ̀. Kó tún kọ̀, kó o tún bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ìyá mi, o mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí i tó o bẹ oníbàárà mi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kó tó mu omi tútù lásán."

Òótọ́ ni, Àǹtí Kékeré mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í ṣe àìmọ̀ ló pa á.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Garawa ń ró, àkísà ń lọ, àmọ́ bí orin bá parí nínú kíláàsì, àwọn ọmọ á fojú wá ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà á sì dákẹ́ bí ògiri. Wọ́n ń gbè é fúnra wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó yá, kò dùn mọ́ lẹ́nu wọn. Àǹtí Kékeré lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ báyìí, sórí ilẹ̀ tó tutù.

"Màmá, ẹ má bínú. Màá ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ gbogbo ègbè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Inú wo ló ń bí mi? Ẹ dìde, Àǹtí, aṣọ yín á rin." Ó fún àkísà, omi dúdú ń kán sínú garawa. "Mo ti gbàgbé ẹ̀. Ṣé èèyàn máa ń rántí ohun tó bá sọ nígbà tó ń nulẹ̀?"

Àǹtí tún lọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ ò rí i? Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kó ti ṣe níjọ́ kìíní, ìgbà yẹn ló wá ń ṣe é, lójú ọjà tó ti tú. Nígbà tí ìsinmi parí tí wọ́n wọlé padà, ọkùnrin kan ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ti ẹ̀rọ ìnulẹ̀ kiri. Wọ́n ní Màmá Olómi ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀. Níbo? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀ ní ọ́fíìsì ò ní ju àdírẹ́sì ilé tó ti kó kúrò lọ.

Olóòtú gbà láti tún ìwé tẹ̀. Àmọ́ ta ló máa tẹ̀ka sí àyè kejì?

Ìwé mẹ́rin mìíràn ni Àǹtí Kékeré ti kọ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń pè é sórí rédíò. Ó ń ṣe ègbè fúnra ẹ̀ báyìí, ègbè tó gún régé, tí àwọn ọmọ ń sọ tẹ̀rín tẹ̀rín. Wọn kì í ṣubú lulẹ̀.

Àmọ́ ibikíbi tó bá ti rí *Bàtà Mi Méjì*, ì báà jẹ́ ní yàrá ìkàwé, ì báà jẹ́ nílé ẹlòmíì, á tọrọ àyè, á yọ bírò. Á kọ ègbè sínú àyè funfun yẹn, á kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Màmá Olómi ló ni èyí." Méje ló rántí. Ó ti lọ bi Akáyín àti ẹgbẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ti wà ní kíláàsì ńlá, nípa márùn-ún yòókù. Tọ̀tún ń sọ tiẹ̀, tòsì ń sọ tiẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń fi í jà. Kò kọ ìkankan nínú ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sí i lẹ́nu.

Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ó tín-ín-rín, ẹ wá a dáadáa láàárín àwọn ìwé ńlá. Ẹ ṣí i síbi orin bọ́tìnnì: *Bọ́tìnnì já, ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, ta ló bá mi rí i?* Ìsàlẹ̀ ẹ̀ funfun. Ẹ pe ọmọ kékeré kan sọ́dọ̀, ẹ kà á fún un sókè, kẹ́ ẹ dákẹ́ níbi tí ìwé dákẹ́ sí, kẹ́ ẹ wá wo ojú ọmọ náà.